Ahọ́n Òkúta Méjì àti Agogo Ọdẹ́jọbí

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ti ìwé yìí, ọkùnrin ilé, obìnrin ilé, mo kí yín o. Mo kí ẹni tó fẹ́ràn mi, mo kí ẹni tí ò fẹ́ràn mi, torí inú ń bí mi lónìí, ẹni tí inú ń bí kì í yan ẹni tó máa kí. Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, kí agogo ọwọ́ mi ya sí méjì, kí ẹ sì máa fi èyí tó ya pè mí bíi ti ẹran tó sọnù.

Ohun tó bí mi nínú nìyí. Níbi ìpàdé ọmọ ìlú tá a ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gbẹ́ni kan dìde, ó wọ kóòtù nínú ooru, ó ní àwa alágogo ọdẹ, irin la kàn ń lù kiri. Ó ní orí wa ò gba ìṣirò, pé orin lọ́tọ̀, ìṣirò lọ́tọ̀. Àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́ fún un! Èmi tí mo ti ń lu agogo kí bàbá ẹ̀ tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọ ṣòkòtò! Mo fẹ́ dìde, wọ́n ní kí n jókòó, pé àgbà kì í bínú níta. Ó dáa. Mo jókòó. Ṣùgbọ́n ìka mi ò jókòó. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ náà ni mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, kí oníkóòtù yẹn wá kà á.

Bàbá tó bí bàbá mi lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí. Ọdẹ́jọbí lorúkọ ẹ̀, ọdẹ ìlú Agbẹ̀dẹ-Odò. Ẹnu ẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, ọwọ́ ẹ̀ ni mo ti kọ́ agogo. Ọdẹ́jọbí kì í ṣe ọdẹ tí ń pa òkété lẹ́yìn ilé o. Bó bá wúkọ́ nínú igbó, ẹfọ̀n á máa wá ọ̀nà ìyá ẹ̀. Àbùkù kan ṣoṣo tó ní ni inú. Inú ẹ̀ dà bíi koríko ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ò tíì ṣáná sí i tán tó ti ń jó. Ó máa ń bínú sí òjò. Ó máa ń bínú sí òkè pé kí ló dé tó ga.

Ìyàwó ẹ̀ ń jẹ́ Àyọ̀ká. Kò sóbìnrin tó ń gúnyán tó Àyọ̀ká ní gbogbo àdúgbò wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí i rí mọ̀ ọ́n: obìnrin mẹ́ta á yí odó kan po, ọmọ odó mẹ́ta á máa ròkè, á máa balẹ̀, ọ̀kan ò sì gbọdọ̀ kan èkejì. Kí ló ń yà wọ́n? Ṣé rúlà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n? Orin ni! Àyọ̀ká ló máa ń dá orin náà. Bó bá ń dá a, ẹ lè dijú sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó, ọmọ odó ò ní ṣèèṣì bà yín.

Ọjọ́ kan, Àyọ̀ká wà lẹ́nu odó pẹ̀lú àwọn ìyàwó ilé méjì, ni ààjà bá dé. Ó yí odó po lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì gbé Àyọ̀ká lọ tòun tọmọ odó ọwọ́ ẹ̀. Ohùn kan wá sọ̀rọ̀ láti inú ẹ̀fúùfù náà, ó ní: "Àwa iwin Igbó Òǹkà, a ní òǹkà, a ò lórin. Ẹni tó lórin la mú yìí. Lọ́jọ́ tó bá fi ẹnu kan oúnjẹ wa, ó di tiwa títí ayé."

Àyọ̀ká náà ò sì dákẹ́. Láti òkè lọ́hùn-ún ló ti ń pariwo: "N ò ní jẹ ẹ́! Ẹ sọ fún Ọdẹ́jọbí kó yára o, torí ikùn mi kì í ṣe òkúta!"

Nígbà tí wọ́n sọ fún Ọdẹ́jọbí, ó kọ́kọ́ na igi tó fẹ̀yìn tì. Ó gbé ìbọn, ó gbé àpò, ó so agogo mọ́ ìbàdí. Àbúrò Àyọ̀ká, Látúnjí, ọkùnrin ahunṣọ, ní òun ń bá a lọ.

"Kí lo fẹ́ ṣe níbẹ̀?" ni Ọdẹ́jọbí bi í. "Ṣé o fẹ́ hun aṣọ fún iwin ni?"

"Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ìbínú yín nìkan ò lè dá rìnrìn àjò yìí. Ó ń fẹ́ ẹni tí yóò máa bẹ àwọn tẹ́ ẹ bá bú."

Báyìí ni wọ́n ṣe jọ lọ. Ẹ má bi mí pé ibùsọ̀ mélòó ni. Ẹni tí wọ́n gbé ìyàwó ẹ̀ lọ kì í wo òkúta ọ̀nà.

Ìlú tí wọ́n kọ́kọ́ dé, Ìlú Ohùn-Lásán ni. Gbogbo ará ibẹ̀ ló lóhùn bí oyin, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ iye. Kálukú ń kọ tiẹ̀, kálukú ń dúró níbi tó wù ú. Àwọn obìnrin mẹ́ta ń gún iyán kan tí ìyá ìyá wọn ti bẹ̀rẹ̀, torí bí ọ̀kan bá ti gbé ọmọ odó, èkejì á fi tiẹ̀ gbá a lọ́wọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, orin ẹkún náà á sì dùn tí ẹ máa fẹ́ kú. Ọdẹ́jọbí béèrè ọ̀nà. Igba ohùn ló dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ dákẹ́!" ló sọ. "Ẹ̀yin aláìnílàákàyè! Ohùn tí ò níye, kí ló fi sàn ju ariwo ẹyẹ ẹ̀gà lọ?"

Ó bínú fa agogo yọ, ó lù ú. Ẹ wá wò ó! Ẹsẹ̀ gbogbo ìlú balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Iyán ìyá ìyá wọn gún kí agogo tó yí po lẹ́ẹ̀meje. Ni wọ́n bá dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, wọ́n ní kò ní lọ mọ́. Látúnjí ló bẹ̀ wọ́n, ló ń já wọn kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ìgbà téèyàn ń ṣa èèmọ́ lára aṣọ. Wọ́n fọ̀nà hàn wọ́n. (Oníkóòtù, ṣé ò ń kà á? Ibẹ̀ la ò tíì dé o.)

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n bá ìyá arúgbó kan lójú ọ̀nà, iwin ni, irun kan ṣoṣo ló wà lórí ẹ̀. Irun náà gùn, ó le, ó so ó mọ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀, ó sì dí ọ̀nà. Ó fìka ta á: *bọ́ọ̀ọ̀n*.

"Ohùn mi nìyẹn," ni ìyá náà wí. "Èmi àti ọmọ mi, orúkọ kan náà là ń jẹ́, ohùn kan náà la ní, àfi pé tèmi nípọn, tiẹ̀ tín-ín-rín. Níbo ni kí n fìka tẹ̀ lórí irun yìí kí ọmọ mi lè dá mi lóhùn? Bẹ́ ẹ bá ṣì í, irun yìí ni n ó fi dì yín bí ẹrù igi."

Látúnjí na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀, nítòsí ẹsẹ̀. Ọdẹ́jọbí gbá ọwọ́ ẹ̀ sẹ́yìn. Ó já ìtàkùn kan, ó fi wọn irun náà látorí dé ẹsẹ̀, ó ká ìtàkùn náà sí méjì dọ́gba, ó fìka tẹ ibi tó ká dé. Ó ní kí ìyá ta á. *Bín-ín-ìn*. Ohùn kan náà ni, bí ìgbà tí ọmọdé ń sín ìyá ẹ̀ jẹ.

"Àárín gbùngbùn!" ni ìyá náà pariwo. "Ta ló kọ́ ọ?"

"Ebi ló kọ́ mi. Okùn tàkúté tí mo bá dẹ, tí ẹ̀ka igi bá kàn án láàárín, bó ṣe ń ké nìyẹn. Ẹ kúrò lọ́nà!"

"O gbọ́n, ọmọ èèyàn. Ó yá, jókòó, kí n sọ fún ọ bí òǹkà àwa iwin ṣe yàtọ̀ sí..."

"Ìyá, ìyàwó mi ò tíì jẹun láti ọjọ́ mẹ́ta! Ẹ pa ìtàn mọ́ fún àwọn ọmọ yín!"

Ó kọjá lórí irun. Látúnjí ń wẹ̀yìn, ó ń kúnlẹ̀, ó ń bẹ ìyá náà, ó tún ń sáré lé e. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni Ọdẹ́jọbí máa ń dákẹ́ sí bó bá ń sọ ìtàn yìí. Á mu omi. Á wo ilẹ̀. Kó tó tún máa bá a lọ.

Wọ́n dé Igbó Òǹkà lọ́jọ́ kejì ìyẹn. Ọ̀gbun ńlá kan ló wà níbẹ̀, kùrukùru bò ó, ẹ ò lè rí ọwọ́ ara yín. Omi kan ń kán láti ara àpáta: *tó... tó... tó...* Kò yára, kò falẹ̀. Iwin adènà ọ̀gbun náà jókòó sórí kùkùté, ìka mẹ́fà-mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń kà wọ́n, ó ń tún wọn kà.

"Ẹ káàbọ̀, ẹlẹ́ran ara."

"N ò wá kí ẹ. Ìyàwó mi dà?"

"Ó wà lódìkejì. Orí kunkun ló ní. Ọ̀sán òní ni wọ́n máa gbé ẹ̀bẹ tó ní ẹja síwájú ẹ̀. Ẹnu ẹ̀ ń ṣagídí, ká wá wò ó bóyá imú ẹ̀ náà á ṣagídí."

Adènà wá sọ bí wọ́n ṣe ń sọdá. Ọ̀gbun náà ní ahọ́n òkúta méjì. Tẹ̀gbẹ́ ìhín ń yọ síta ní ìkán omi mẹ́ta-mẹ́ta. Tẹ̀gbẹ́ ọ̀hún ń yọ ní mẹ́rin-mẹ́rin. Bí ọ̀kan bá yọ láìsí èkejì, kò dé àárín. Bí àwọn méjèèjì bá yọ pọ̀, wọ́n á fẹnu kora, *GBÀ-Ọ̀!*, afárá dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, wọ́n ti padà. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó gbọ́ *gbà-ọ̀* kó tó fò ti pẹ́. Àfi kẹ́ni náà mọ ìgbà tó máa dé, kó fi ẹsẹ̀ lélẹ̀ bí òkúta ṣe ń pàdé.

"Ìgbà wo ni wọ́n ń pàdé?" ni Ọdẹ́jọbí bi í.

"Méjìlá-méjìlá."

"Irọ́ lò ń pa!"

"Iwin Igbó Òǹkà ò purọ́ rí," ni adènà fèsì. "A ò ní ohun tá a fẹ́ fi ṣe."

Látúnjí ṣírò ó. "Mẹ́ta lọ́nà mẹ́rin, méjìlá ni. Òótọ́ ló sọ. Bí mo ṣe ń to òwú aláwọ̀ méjì náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká jókòó, ká gbọ́ ọ kó yí po lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Kí la fẹ́ gbọ́? Ẹja ń ta sánsán sí ẹ̀gbọ́n ẹ nímú, o ní ká jókòó!"

"Ó dáa, ẹ má bínú. Èmi ni mo fúyẹ́. Ẹ̀yin ẹ kà á, ẹ lóhùn tó le. Èmi á fò, màá gbé e wá. Bí mo bá dé ọ̀hún, ṣé kí n bá a jẹ ẹja náà?"

Ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni ohun tí wọ́n rí kẹ́yìn lójú ẹ̀.

*GBÀ-Ọ̀!* Òkúta pàdé. Ọdẹ́jọbí ké: "Ení!" Omi kán. "Èjì!" Omi kán. "Ẹ̀ta! Ẹ̀rin! Àrún!" Látúnjí ti tẹ̀ síwájú, ó ti káṣọ sókè. "Ẹ̀fà! Èje! Ẹ̀jọ! Ẹ̀sán! Ẹ̀wá! Ọ̀kànlá! Èjìlá, fò!"

Látúnjí fò wọnú kùrukùru.

*Tó*, ni omi kán. Ìgbà yẹn ni òkúta wá pàdé. *GBÀ-Ọ̀!*

Ìkán omi kan ṣoṣo! Ọdẹ́jọbí dúró, ó ń retí kó gbọ́ bí nǹkan ṣe balẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan. Títí ó fi kú, kò gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbínú tí mo ti ń sọ látàárọ̀, eré ọmọdé ni. Ọdẹ́jọbí yí sí adènà, ó yìnbọn fún un. Ọta gba àyà ẹ̀ kọjá bí ẹni tó la èéfín kọjá.

"Ọta kan," ni adènà wí. "Ṣé kí n máa kà á?"

"Òpùrọ́! Apààyàn! O ní méjìlá!"

"Méjìlá ni. Níbo lo ti bẹ̀rẹ̀?"

"Níbi tí wọ́n ti pàdé! Ibẹ̀ ni mo fi ṣe ení!"

Iwin náà wò ó bí ẹni tó ń wo ewúrẹ́ tó fẹ́ gun igi. "Èyí tó ti pàdé ti pàdé. Ta ló ń ka àná mọ́ ọ̀la? Èyí tó tẹ̀ lé e là ń fi ṣe ení."

Ẹ gbọ́, kó yé yín, torí kò sẹ́ni tí ò lè ṣe àṣìṣe yìí nínú wa. Ọjà wa tó ná lónìí, òní la fi ń ṣe ọ̀kan. Òní ọ̀kan, ọ̀la méjì, ọ̀túnla mẹ́ta, títí á fi di márùn-ún, ọjà tún ná, a ní ọrún pé. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Bẹ́ ẹ ṣe ń ka ìtàdógún náà nìyẹn, bí àwọn bàbá yín ṣe ń kà á nìyẹn. Iwin ò ka òní. Wọ́n ní òní ti ná, ó ti tán, kí ọ̀la jẹ́ ọ̀kan. Ọjà kan náà ni, mẹ́rin ni wọ́n ń pè é, márùn-ún là ń pè é. Wọn ò purọ́, àwa náà ò purọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní méjìlá, ẹ̀tàlá wa ni. Ọdẹ́jọbí gba iye lẹ́nu iwin, ó fi ẹnu èèyàn kà á, ọmọ ọlọ́mọ sì lọ sí i.

Ọdẹ́jọbí já agogo, ó fẹ́ sọ ọ́ sínú ọ̀gbun. Kò sọ ọ́. Ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú fún Látúnjí, ìlù òkú. Kò kà á. Ta ló ń ka ohun tí apá ti mọ̀? Agogo ọdẹ, ẹ̀ẹ̀meje là ń lù ú kó tó yí po, a sì ń fò ibi márùn-ún láàárín, àròpọ̀ ẹ̀ jẹ́ méjìlá. Bó ṣe ń bá omi rìn, àwọn òkúta náà ń pàdé. *Gbà-ọ̀*, orí agogo. *Gbà-ọ̀*, orí agogo. Kò ṣìnà lẹ́ẹ̀kan. Ó wá yé Ọdẹ́jọbí, ó sì bú sẹ́kún. Agogo kì í parí. Ibi tó parí sí náà ló ti ń bẹ̀rẹ̀, lílù kan ṣoṣo ni, òun lẹ̀tàlá, òun ló tún jẹ́ ení. Ẹnu èèyàn àti ẹnu iwin lè jà lórí iye títí ayé, apá alágogo ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìṣirò náà wà nínú apá yẹn látọjọ́ tó ti wà lọ́mọdé, kò fọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́ ni.

Ó fi gbogbo ọ̀fun ké: "Àyọ̀ká o!"

Láti òdìkejì, ohùn kan tó ti rù dáhùn: "Ó tó ìgbà tó o dé! Wọ́n ti gbé ẹ̀bẹ náà kalẹ̀ o!"

"Sún mọ́ etí ọ̀gbun! Ṣé ò ń gbọ́ agogo?"

"Mò ń gbọ́."

"Dá orin iyán sí i. Bí orin bá yí po tó débi orí ẹ̀, ibẹ̀ ni kó o fi ẹsẹ̀ balẹ̀!"

"Lórí mélòó?"

"Má kà á! Mo ní má kà á o! Gún un!"

Ọmọ odó dún nílẹ̀ lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà, orin jáde láti inú kùrukùru, jẹ́jẹ́, kó tó wá le:

*Ọmọ odó ròkè, ọmọ odó balẹ̀,*
*Iyán mi funfun, n ò ní jẹ ẹ́ sóko,*
*Ẹni tó bá mi gún un ló ń dúró dè mí,*
*Ọmọ odó balẹ̀, mo balẹ̀.*

Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn iwin òdìkejì dákẹ́, gbogbo wọn ń gbọ́. Adènà pàápàá gbàgbé ìka ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, bó ṣe ní "mo balẹ̀", òkúta pàdé, *GBÀ-Ọ̀*, ẹsẹ̀ obìnrin dún lórí wọn, pẹ̀ẹ́-pẹ̀ẹ́-pẹ̀ẹ́, Àyọ̀ká já sínú apá ọkọ ẹ̀ pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́.

Ó rù, ètè ẹ̀ ya. Kò dì mọ́ ọkọ ẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn ẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Látúnjí dà? Mo gbọ́ ohùn ẹ̀. Mo gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín."

Agogo ṣì wà lọ́wọ́ Ọdẹ́jọbí, ó ń lù ú, kò mọ bó ṣe máa dúró.

"Mo gbọ́ ẹni tó ń kà. Ta ló ń kà?"

"Èmi ni."

Ó gba agogo lọ́wọ́ ẹ̀, ó jù ú sílẹ̀. Ó gbé ọmọ odó sókè sí ọkọ ẹ̀, ọkọ ẹ̀ ò sì sá, ó tẹrí ba fún un. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀. Omi ń kán.

"Kà á," ni Àyọ̀ká wí. "Bó o ṣe kà á fún àbúrò mi gan-an, kà á kí n gbọ́."

*GBÀ-Ọ̀*, òkúta pàdé, Ọdẹ́jọbí bẹ̀rẹ̀. "Ení." Ohùn ẹ̀ ò le mọ́. "Èjì. Ẹ̀ta." Ó kà á dé ẹ̀wá, ó kà á dé ọ̀kànlá. "Èjìlá." Àyọ̀ká dijú. *Tó*, ni omi kán. *GBÀ-Ọ̀.*

Ọmọ odó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ náà ni ǹ bá ṣe kà á," ló wí. "Ọdẹ́jọbí, bẹ́ẹ̀ náà lèmi náà ì bá ṣe kà á."

Àyọ̀ká ni ìyá tó bí bàbá mi. Bí kò bá sọdá ọ̀gbun yẹn, kò sí mi, kò sẹ́ni tó ń bínú síbí. Ẹ̀yin ará, bí nǹkan báyìí bá ti ṣẹlẹ̀ sílé yín rí, tí orin yọ èèyàn yín níbi tí ẹnu ti ṣì í kà, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń sọ ọ́, mi ò bìkítà bí ìwé ṣe mọ nínú orí yín. Kí oníkóòtù yẹn náà kọ tiẹ̀, bó bá ní. Mò ń retí ẹ̀.